Wíwá Bàálù Tó Sọnù

Bí ẹ bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà síwájú, tí ẹ fa ìlà tààrà láti Èkó dé Kánò, ìlà náà yóò gba ìtòsí Òkukù níhìn-ín kọjá. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ kì í sábà rántí bàálù àfi bí a bá gbọ́ ariwo rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ń juwọ́ sí i. Bàálù tí kò dé ibi tó ń lọ ńkọ́? Ta ni í rí i?

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, bàálù Bellview kan gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Àbújá. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó gbéra tí àwọn tí ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìkéde sì jáde pé wọ́n ti rí i nítòsí Kíṣí, ní òkè lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti pé àwọn kan yè. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí yóò ti rí létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú bàálù náà! Ṣùgbọ́n kò sí bàálù ní Kíṣí. Abúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló já sí, kò sì jìnnà sí Èkó. Láti Lísà dé Kíṣí ju 150 máìlì lọ. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ ìró ńlá lóru. Etí tó gbọ́ wà ní Lísà, ẹsẹ̀ tó ń wá a wà ní Kíṣí. Kò sí ẹnì kan tó yè. Ó yẹ kí àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò máa rántí ìkéde Kíṣí yẹn kí a tó la ẹnu.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, bàálù kékeré kan tí í ṣe ti Wings Aviation kúrò ní Èkó, ó forí lé Bebi ní agbègbè Obanliku, ìpínlẹ̀ Cross River. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ìparí oṣù kẹjọ ni àwọn ọdẹ tó bá àfọ́kù rẹ̀ pàdé nínú igbó orí òkè.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kò sí ẹ̀rọ ni? Ó wà. Ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ nínú bàálù tí í ké fúnra rẹ̀ bí bàálù bá já lulẹ̀. Sátẹ́láìtì á gbọ́ igbe náà lójú sánmà, á sì ránṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982 ni ètò yìí kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, ènìyàn mẹ́ta ní Kánádà. Nílẹ̀ wa, àjọ NEMA ní Àbújá ló ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè fọ́, ó lè jóná, ó sì lè rì sómi.

Àwọn ará Kánádà mọ èyí. Láti 1986 ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ CASARA, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn láti bá àwọn ológun òfurufú wá bàálù tó sọnù, títí dé àwọn ìletò kéékèèké ní àríwá tí òtútù ti ń pa ènìyàn. Wọ́n ń kọ́ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bàálù pé kí ojú rẹ̀ má sáré. Kó dúró díẹ̀ síbì kan kó tó sún síwájú. Kì í ṣe odidi bàálù ni yóò máa wá, bí kò ṣe orí igi tó ṣẹ́, ewé tó jó, irin tó ń kọ mànà.

Bí ọdẹ Òkukù bá gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀rín ni yóò rín. Ta ní ń kọ́ ọdẹ ní wíwo igbó? Ohun tó yẹ kí a kọ́ ọ ni èyí tó kù: kí ó pe 112, nọ́ńbà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì, kí ó wá alààyè kó tó wo òkú, kí ó ṣọ́ra fún epo àti iná, kí ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi fi sàmì ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ó má sì ṣí àfọ́kù kankan nípò. Àwọn olùwádìí bàálù Lísà parí iṣẹ́ wọn láìrí àwọn àpótí tí í gba ohùn awakọ̀ àti ìrìn bàálù sílẹ̀, wọn kò sì lè sọ pàtó ohun tó gbé e ṣubú.