Láti Ife Ọdún 1976 títí dé Ẹkùn Cairo: Ìtàn Shooting Stars ti Ìbàdàn

Ní oṣù Kìíní ọdún 1977, nígbà tí àwọn àlejò láti gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ń kó wọ àwọn ilé titun tí ìjọba kọ́ sí Festac Town nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà, ife-ẹ̀yẹ kan ti gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ló gbà á ní ìparí ọdún 1976, nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó ti gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kí ọjọ́ náà tó dé.

Lónìí, ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Festac tàbí ní Mile 2. Ọ̀dọ́ tí ẹ bá níbẹ̀ yóò ka àwọn agbábọ́ọ̀lù Chelsea àti Arsenal fún yín bí ẹni ń ki oríkì bàbá rẹ̀. Ẹ wá bi í ta ni Muda Lawal. Ẹni tí a kò pìtàn fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. WNDC ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 1971, kí orúkọ tó di IICC, kó tó wá di 3SC tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní 1976, Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá. Ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan ni wọ́n fi na àwọn ará Kamẹrúùnù nílé. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, ayò kan péré ni wọ́n rí jẹ wọ́n padà. Best Ogedegbe ló ń ṣọ́ ilé. Samuel Ojebode wà lẹ́yìn, Muda Lawal wà láàárín, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọdẹ́gbàmí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Poly Ìbàdàn, ni Ernest Okonkwo sọ ní “Mathematical” lórí rédíò, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Èyí tó tẹ̀lé e ni mo kà sí ìjà tó gbóná jù nínú ìtàn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí ife kankan gbà nínú rẹ̀. Ní 1977, ìdíje kan náà gbé wọn pàdé Rangers ti Enugu ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju ọdún méje lọ. Ẹgbẹ́ tí àwọn Yorùbá ń pè ní tiwọn ló dojú kọ èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní tiwọn, ọkàn àwọn èèyàn sì gbóná. Wọ́n gbá àkọ́kọ́ ní Èkó, òmì. Kàdúná, tí kì í ṣe ilé ẹnì kankan nínú wọn, ni wọ́n gbé ìkejì lọ, òmì náà ni. Pẹnáritì ló la ìjà ọ̀hún: Rangers mẹ́rin, IICC méjì. Rangers gba ife náà lọ. Kò sí ohun tó kó ẹ̀yà méjèèjì jọ tó dùn tó sì kan tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà, a kò sì gbọ́ pé ogun tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjíríà ní ayò mẹ́ta sí òdo, ó sì gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọmọ IICC ni àwọn méjèèjì.

Zamalek ti Íjíbítì ni ọ̀tá tí wọn kò borí nígbà tó yẹ. Ní àṣekágbá 1984 fún ife àwọn akọgun, àwọn ará Cairo nà wọ́n lọ́hùn-ún ní ayò méjì sí òdo, wọ́n tún wá fi ayò kan nà wọ́n nílé. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, àwọn kan náà tún pàdé: méjì sí ẹyọ kan fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, méjì sí ẹyọ kan fún Zamalek ní Cairo. Pẹnáritì márùn-ún sí mẹ́rin ló gba ife náà lọ́wọ́ wọn.

Láàárín ẹkún méjèèjì, ayọ̀ kan wà. Ní 1992, nígbà tí wọ́n dá ife CAF sílẹ̀, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló fi ife náà ta wọ́n lọ́rẹ. Shooting Stars gbá òmì pẹ̀lú Villa ní Ùgáńdà, wọ́n sì jẹ ayò mẹ́ta mọ́ wọn lórí ní Ìbàdàn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife tí ọmọ Ẹ̀gbá fi sílẹ̀.

Líìgì 1998 ni wọ́n gbà kẹ́yìn kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Àwọn ará Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ràn béèsìbọ́ọ̀lù bí a ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, mọ irú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀: láti 1918 títí di 2004 ni Red Sox wọn fi wá ife. Ṣùgbọ́n Red Sox ní olówó tirẹ̀. Àpò ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Shooting Stars ń wò, gómìnà tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù a ṣí i, èyí tí kò bìkítà a pa á dé. Nígbà tí ife líìgì tún padà sí ilẹ̀ Yorùbá ní 2025, Ìkẹ́nnẹ́ ló gbà á sí, lọ́dọ̀ Remo Stars, ẹgbẹ́ tí Kúnlé Sóname fi owó ara rẹ̀ gbé ró.