Odò Àtọwọ́dá Tó Lọ Láti Amsterdam Dé Den Helder

Òwò orí òkun ti sọ Amsterdam di ìlú ọlọ́rọ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Noordhollandsch Kanaal, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìlú náà kò dára. Iyanrìn ti kún ibi tí wọ́n ń pè ní Pampus, ọkọ̀ ńlá tó rù kún dẹ́nu kò sì lè kọjá níbẹ̀. Ní 1690, wọ́n dá ọgbọ́n kan sí i. Wọ́n á so àpótí igi ràgàjì méjì tí omi kún inú wọn mọ́ ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n á wá fa omi náà dànù. Bí àpótí bá ṣe ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbé ọkọ̀ sókè. Ràkúnmí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí Ọba Willem Kìíní ti ilẹ̀ Netherlands fi gorí ìtẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ràkúnmí. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ odò láti Amsterdam lọ sí Den Helder ní àríwá, níbi tí omi òkun ti jìn. Ẹnjiníà Jan Blanken ló darí iṣẹ́ náà. Ní 1819, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì. Ní 1824, wọ́n parí nǹkan bíi kìlómítà 80. Wọn ò gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun o. Níbi tí omi bá ti wà tẹ́lẹ̀, bí èyí tó yí ilẹ̀ oko Beemster ká, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ni. Ìyẹn dín iṣẹ́ kù, àmọ́ ó mú kí odò náà máa yà sọ́tùn-ún, kó máa yà sósì.

Ohun tó kó bá a nìyẹn. Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ onígbòkun létí bèbè, ìrìn sì ń falẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ onísitíìmù tó tóbi ju odò náà lọ dé. Ní 1876, wọ́n ṣí Noordzeekanaal, tó gba ìwọ̀ oòrùn lọ tààrà sínú òkun, tí kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́ ní gígùn. Òwò ńlá bá kó lọ síbẹ̀. Èmi ò dá Willem lẹ́bi. Ìṣòro ìgbà ayé rẹ̀ ló yanjú.

Ìfalẹ̀ tó lé oníṣòwò lọ ló wá fa onífàájì mọ́ra. Ta ló ń kánjú nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́? Odò náà gba Purmerend àti Alkmaar kọjá, láàárín pápá màlúù àti ẹ̀rọ alátẹ́gùn ayé àtijọ́. Apẹja ń ju ìwọ̀, oníkẹ̀kẹ́ ń gba etí bèbè lọ.

Ní Koedijk, lápá òkè Alkmaar, ni èyí tí mo fẹ́ràn jù wà: afárá tó léfòó sórí omi. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, afárá yìí kì í gbéra sókè. Àárín rẹ̀ ló ń là, apá kọ̀ọ̀kan á sì fà sẹ́yìn wọ abẹ́ ọ̀nà tó wà létí bèbè. Kò sí òpó kankan láàárín omi tó lè dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Irú afárá bẹ́ẹ̀ ni abúlé Burgervlotbrug àti Sint Maartensvlotbrug fi ń jẹ́ orúkọ wọn. Lónìí, ọkọ̀ tí èrò ń dúró dè lè má ju ti tọkọtaya kan tó ń gbafẹ́ lọ.

Bí ẹsẹ̀ rẹ bá dé Amsterdam, má fi gbogbo ọjọ́ rẹ há sáàárín èrò ìgboro. Yá kẹ̀kẹ́, wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdó rélùwéè sọdá omi IJ, kí o sì kọrí sí àríwá.