Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Rélùwéè Nàìjíríà

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tó kọ́kọ́ gba Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ìddó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ìjọba amúnisìn Èkó ló ni ín, ẹrù oko ló sì wà lọ́kàn wọn: epo, èkùrọ́ àti òwú, kòkó dé lẹ́yìn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908. Ibi tí irin bá gbà ni ọjà ń gbà. Òṣogbo kún fún oníṣòwò, nígbà tí Ọ̀yọ́ Aláàfin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọkọ̀ kò dé.

Lákòókò náà, ìjọba Àríwá ń kọ́ ojú irin tirẹ̀ láti Bàrò, létí odò Ọya, lọ sí Kánò. Èkó fẹ́ kí ẹ̀pà Kánò gba ọ̀dọ̀ òun dé òkun. Àríwá fẹ́ kó gba odò. Ìjọba méjì ń du ẹrù kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹwàá 1912, wọ́n pa ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀gá kan, nígbà tí Gómìnà Lugard kò tíì pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Ojú irin ti di ọ̀kan kí Nàìjíríà tó di ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà ìlà-oòrùn dé Ẹnúgu nítorí èédú ní 1916, tí irin sì dé Màídúgùrì ní 1964. Gbogbo rẹ̀ lé ní 3,500 kìlómítà.

Òfin 1955 ló sọ ilé iṣẹ́ rélùwéè, tó jẹ́ ẹ̀ka ìjọba, di Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà. Òfin yìí ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rélùwéè kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àjọ kan náà ló ni irin, òun ló ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, òun náà ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a du èrò lórí irin. Síbẹ̀ kò lómìnira: ìjọba ń dá sí owó ọkọ̀, ìjọba ló sì ń yan àwọn ọ̀gá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, títì ni ìjọba náwó lé lórí, lọ́rì sì kó ẹrù lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti 1979 sí 1982, ilé iṣẹ́ ìjọba Íńdíà kan, RITES, gba àkóso àjọ náà, iṣẹ́ sì sunwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Òfin wà bó ṣe wà, nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Íńdíà lọ, àǹfààní náà kò pẹ́. Ní 1988 àjọ náà kéde pé gbèsè ti borí òun, ọkọ̀ sì dúró fún oṣù mẹ́fà. Èrò tó tó mílíọ̀nù 15.5 ní 1984 wá dín kù sí mílíọ̀nù 1.6 ní 2003.

Ìjọba tún irin tuntun tẹ́: Àbújá sí Kàdúná ní 2016, Èkó sí Ìbàdàn ní 2021. Èyí dára, àmọ́ ìyípadà tó jinlẹ̀ jùlọ wà nínú ìwé òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbìyànjú láti ní rélùwéè tirẹ̀ nígbà Gómìnà Jákàńdè. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá fi rélùwéè sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní oṣù Kẹta 2023 ni àtúnṣe òfin gba ìpínlẹ̀ láyè. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin Èkó gbé èrò láti Marina sí Mile 2. Èkejì, láti Agbádó sí Oyíǹgbò, bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2024. Irin tí ọkọ̀ Àjọ Rélùwéè ń gbà lọ sí Ìbàdàn ni òun náà ń gbà: ìjọba àpapọ̀ ló ni irin, ìpínlẹ̀ ló ni ọkọ̀.