Mímú Ọ̀dọ́langba Rin Ọ̀nà Jíjìn ní Gúúsù Èkìtì

Ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tó so Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Èmùré mọ́ Adó àti Àkúrẹ́ kì í sábà gun òkè. Àpáta agbègbè yìí kò tò lọ gbọọrọ bí òkè apá Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Ńṣe ni wọ́n dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yọ sókè lójijì láàárín ilẹ̀ títẹ́jú. Ní Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta àti Orólé ni èrò máa ń kọ́kọ́ rí kí òrùlé tó hàn. Àmì ọ̀nà ni wọ́n, ibi ìsádi ni wọ́n nígbà ogun, ibi ìbọ sì ni wọ́n: títí di òní ni wọ́n ń ṣe ọdún Olósùnta lọ́dọọdún. Arìnrìn-àjò a gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, kò sí ìdí tó fi máa forí ẹrù gun àpáta.

Omi ló ń dá èrò dúró ju òkè lọ. Nígbà òjò, Ògbèsè àti àwọn ọmọ odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ a kún, igbó apá Ìṣẹ̀ àti Èmùré a sì ṣú mọ́ ọ̀nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta kì í mú omi dúró. Ọ̀pọ̀ ìṣàn kékeré a gbẹ, ọyẹ́ a sì máa la ètè. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n yàn fún ọ̀nà jíjìn, nítorí ilẹ̀ gbẹ, iṣẹ́ oko sì ti rọlẹ̀, ọmọ tó ti tó gbé ẹrù lè kúrò nílé láìpa iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lára.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ gan-an. Àwọn oníṣòwò Bìní ń gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ Èkìtì, ìtàn Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọdẹ láti Bìní ni Ògògà àkọ́kọ́, ìyẹn ọba ìlú náà, tó bá Olúkẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà ìlú mìíràn a kọ́kọ́ ka ọjọ́. Ọrọọrún ni ọjà ń ná. Bí ọjọ́ ọjà bá yẹ̀ mọ́ èrò lọ́wọ́, ó di ọrún mìíràn, oúnjẹ ọ̀nà a sì ti tán kó tó pé. Nígbà tí wọ́n bá ka ọjọ́ tán ni wọ́n tó máa ń bi Ifá léèrè bóyá ọ̀nà dára fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ.

Àgbà ló ń di ẹrù ọmọ. Òṣùká ṣáájú: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tàbí àkísà tí wọ́n wé róbótó, tí wọ́n gbé ka àtàrí. Wọn a to ẹrù kí ìwúwo rẹ̀ má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn a so ó, wọn a sì ní kí ọmọ rìn yí àgbàlá ká, kí wọ́n lè rí i bóyá ọrùn rẹ̀ gbà á. Ọmọ tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn ní ìdajì ọ̀nà di ẹrù fún àwọn yòókù. Kèrègbè omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ àti iṣu sísun ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, torí wọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Àádùn, ẹ̀pà àti àkàrà tí wọ́n dín gbẹ ni wọ́n ń fi pamọ́ de ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbẹ̀rù borí gbogbo ètò yìí. Ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń pè ní Kírìjì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán àfi ní 1893. Àwọn ọ̀dọ́ ni ẹni tó ń kó ẹrú ń wá, torí wọ́n lágbára, ọjọ́ iṣẹ́ wọn sì ṣì pọ̀. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń mú ọmọ dá rìn. Ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n ń bá lọ, pẹ̀lú àwọn tó gbé ìbọn. Lọ́dún 1872, Glover, aláṣẹ Èkó, ti ṣí ọ̀nà Òǹdó, tó gba orí ọ̀sà wọ ilẹ̀ Òǹdó láìfara kan Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Ọ̀nà yìí ni ìbọn òyìnbó gbà dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀. Gúúsù Èkìtì sún mọ́ ọn ju àríwá lọ, èrò tó ń lọ sí Èkó àti tó ń bọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹnì kan wà tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, ní nǹkan bí ọdún 1875, nígbà tí ogun ń bọ̀ lọ́nà. Láti kékeré ló ti kúrò láàárín òkè Ẹ̀fọ̀n wá sí Ìṣẹ̀, ó sì ṣe ẹmẹsẹ̀ ní ààfin Arínjálẹ̀, ọba Ìṣẹ̀, kí òkìkí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó kàn. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ ẹmẹsẹ̀: òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọba láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá sì bá a rìn wà lábẹ́ orúkọ ọba. Láàárín 1910 sí 1914, Ògògà Ìkẹ́rẹ́ gbéṣẹ́ fún un láti gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn ààfin. Ìlẹ̀kùn yẹn jẹ́ ìwé ìtàn ìrìn-àjò tó dára ju ọ̀pọ̀ ìròyìn àwọn aṣojú ìjọba lọ. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, àwọn olorì àti ìránṣẹ́ yí i ká. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, ń bọ̀ láti kí ọba. Kò fẹsẹ̀ rìn, èèyàn ló gbé e, ó sì há sínú ohun tí wọ́n fi gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò. Àwọn alárù rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé àwọn tó ru ẹrù, ohun tí ìwé ìjọba sábà máa ń gbàgbé nìyẹn. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á, ó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. British Museum ni ìlẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938.

Lẹ́yìn ogun Kírìjì, àwọn Òṣómàáló láti Iléṣà ló sọ rínrìn pẹ̀lú ọ̀dọ́langba di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri ilẹ̀ Èkìtì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ọmọ ìbátan tàbí ọmọ ojúlùmọ̀ ni ọ̀gá ń mú dání. Ọmọ ru ìdì aṣọ, ó mọ ilé oníbàárà, ó mọ ẹni tó ti san àti ẹni tó ń sá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń na aṣọ láìjẹ́ kó pọ̀ jù. Ó tún kọ́ sùúrù, torí gbígba owó lè jẹ́ kí èèyàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Owó kòkó ni wọ́n ń fojú sí, nítorí náà ìgbà ìkórè ni ìrìn-àjò ìgbowó máa ń le jù. Nígbà tí ọmọ bá sìn tó, ọ̀gá a fún un ní ọjà tó máa fi dá dúró.

Ọkọ̀ ló gba ẹrù lórí ọmọ. Rélùwéè dé Òṣogbo lọ́dún 1907, Èkìtì kò sì ní rélùwéè tirẹ̀. Ojú títì ló kù. Ìjọba fi Adó ṣe olú ìlú ẹ̀ka Èkìtì ní 1913, àwọn ọba ni wọ́n sì ní kí wọ́n kó èèyàn jáde láti la ọ̀nà. Bọ́lẹ́kájà ló wá gbòde, ọkọ̀ onípákó tí ẹrù àti èèyàn jọ ń há sí.

Ilé ẹ̀kọ́ yí ìdí ìrìn-àjò ọ̀dọ́ padà. Archdeacon Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933. Adó kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń lọ. Ìṣẹ̀ àti Èmùré jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùká kò tíì kúrò lórí, àmọ́ àpótí ìwé àti gààrí ló wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn, ọmọ ló sì ni ẹrù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ì bá di alárù di ọmọ ilé ìwé.

Lónìí, mọ́tò ń ti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ̀ àti Èmùré kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé kan dúró ní agbègbè Èmùré, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ń padà sílé wọ inú igbó. Àwọn ọmọ náà dé ní oṣù kejì. Awakọ̀ wọn kò dé. Amọ̀tẹ́kùn, ẹgbẹ́ aláàbò tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá sílẹ̀ ní 2020, ń ṣọ́ igbó àti ojú ọ̀nà. Ìdílé tó bá ń mú ọmọ lọ báyìí a wo bí ọ̀nà ṣe rí, a wá awakọ̀ tí wọ́n mọ̀, a fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú, a sì ṣírò wákàtí kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wọn láàárín Ìṣẹ̀ sí Èmùré.