Oògùn Àyálò: Ìtàn Ìwòsàn Ẹ́kísíìmà Líle

Ẹ́kísíìmà líle kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara lásán: awọ a gbẹ, a sán, a sì máa yún ẹni tí ó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi họ ara lójú oorun títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi ta sí aṣọ ìbùsùn. Síbẹ̀, fún nǹkan bí 70 ọdún, oògùn tí a wá fún àìsàn ẹlòmíràn ni àwọn olójòjò wọ̀nyí ń yá lò.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní abẹ́rẹ́ cortisone. Kò pẹ́ rárá tí ó fi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Òkìkí oògùn náà kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn awọ ara, àwọn náà sì mú un lò. Ara yíyún rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára aláìsàn, ojú rẹ̀ a wú, egungun rẹ̀ a di ẹlẹgẹ́, bí ó bá sì dá oògùn dúró, àrùn náà a tún gbérí.

Ní ọdún 1969, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ olóògùn Sandoz ti ìlú Basel tí ó lọ gba ìsinmi bu erùpẹ̀ díẹ̀ ní Hardangervidda, ní orí òkè Norway. Inú erùpẹ̀ yẹn ni a ti rí ohun tín-ín-tín kan, ẹbí olú, tí ó bí ciclosporin, oògùn tí ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun ara tí ń bá àrùn jà. Àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún ni ó kọ́kọ́ gbà là. Ní ọdún 1991 ni ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó ń ran àgbàlagbà tí ẹ́kísíìmà ń dà láàmú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣoni lẹ́sẹ̀. Régírégí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn dupilumab, ẹ́kísíìmà sì ni àìsàn àkọ́kọ́ tí a yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Kì í ká gbogbo ọmọ-ogun ara lọ́wọ́ kò. Ọ̀nà tí interleukin-4 àti interleukin-13, ìránṣẹ́ méjì nínú ara, ń gbà jíṣẹ́ ogun ni ó ń dí. Ó lè mú kí ojú pọ́n, owó rẹ̀ sì ga púpọ̀. Ìmọ̀ ti ṣe ipa tirẹ̀. Ó ku ti àwọn aláṣẹ àti àwọn olóògùn, nítorí oògùn tí apá aláìsàn kò ká kò tíì di oògùn fún un.