Ọ̀rọ̀ Ogún Róòmù: Ǹjẹ́ Àrólé Tilẹ̀ Wà?

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn, ọdún 476 tí Odoacer yọ Romulus Augustulus lóyè ni a kà sí ọdún ikú ilẹ̀-ọba Róòmù. Ìbéèrè tí ó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé, ta ni àrólé? Ṣé Charlemagne àti àwọn ọba Jámánì tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni, tàbí Byzantium? Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìbéèrè náà kò tọ̀nà láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá kú ni a ń pín ogún rẹ̀. Róòmù kò sì kú ní Constantinople.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin ṣe ẹ̀rí. Justinian pàṣẹ kí a kó òfin Róòmù jọ, a sì ṣe é láàrin ọdún 529 sí 534. Nígbà tí èdè Látìnì kò yé àwọn adájọ́ ibẹ̀ mọ́, wọ́n tún òfin kan náà tò ní èdè Gíríkì ní ayé Leo Kẹfà (886–912), wọ́n pè é ní Basilika. Romaioi, èyí ni “ará Róòmù”, ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní ti orúkọ “Byzantium” tí àwa olùkọ́ ìtàn ń lò láìbìkítà fún gbogbo ilẹ̀-ọba náà, iṣẹ́ Hieronymus Wolf, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ní 1557 ni a máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìlò rẹ̀ sí. Constantinople ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ọ́tómánì láti 1453.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti èdè. Ṣùgbọ́n láti 212, tí Caracalla ti sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú ní ilẹ̀-ọba náà di ọmọ Róòmù, ọ̀rọ̀ òfin ni jíjẹ́ ará Róòmù, kì í ṣe ti èdè tàbí ìlú ìbí.

Ti Charlemagne wá ńkọ́? Póòpù Leo Kẹta dé e ládé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 800. Òtítọ́ ni pé ìwọ̀-oòrùn pa èdè Látìnì àti ìjọ Póòpù mọ́, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀, ẹ wo àwíjàre tí wọ́n ṣe: ìwé ìrántí ọdọọdún ti Lorsch sọ pé obìnrin, Irene, ni ó wà lórí oyè ní ìlà-oòrùn, nítorí náà oyè ṣófo. Àwọn Frank fúnra wọn kò sọ pé Róòmù ti kú. Ní 812, àwọn ikọ̀ Michael Kìn-ín-ní kí Charlemagne ní Aachen gẹ́gẹ́ bí olú-ọba, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní olú-ọba àwọn ará Róòmù. Nígbà tí ìwé Póòpù kan sì pe Nikephoros Kejì ní olú-ọba àwọn Gíríkì ní 968, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ju àwọn tí ó mú un wá sí.