Ooru Kánò, Òtútù Jọ́ọ̀sì: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò lára ilé kẹ́ ẹ tó sanwó

Bí ọmọ Yorùbá tó ń gbé l'Òkè Ọya bá fẹ́ ra ilé, ìwé ilẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wà. Ṣé C of O wà? Ṣé kì í ṣe ilé ẹbí tí wọ́n ń jà sí ni? Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ìwé ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, pàápàá fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í bi ẹni tó ń ta ilé, òun ló sì ń jẹ owó wa lóṣooṣù lẹ́yìn tí a bá ti gba kọ́kọ́rọ́ tán: báwo ni ilé yìí ṣe ń gbóná, báwo ló ṣe ń tutù, èló la ó sì máa ná ká tó lè sùn nínú rẹ̀?

Ibi tí ilé wà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní Kánò, Sókótó àti Màídúgùrì, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán lè kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ. Jọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Nígbà ọyẹ́, ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òru ibẹ̀ lè sún mọ́ 10. Ooru Port Harcourt àti Wàrí kò ga tó ti Kánò, àmọ́ òógùn kì í gbẹ lára èèyàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ẹ̀gbọ́n yín rà sí ilé rẹ̀ ní Port Harcourt fi lè má wúlò fún yín ní Kánò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara ilé

Ajẹ́ńtì máa ń fẹ́ mú èèyàn lọ wo ilé láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì tù. Ẹ má gbà. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kẹ́ ẹ tún padà lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ògiri yàrá. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń gba ooru sára láti ọ̀sán, á wá máa tú u sínú yàrá lóru. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló burú jù. Tó bá jẹ́ pé yàrá tí ẹ máa sùn nìyẹn, tí kò sí igi dóńgóyárò tàbí etí òrùlé tó yọ síta láti ṣíji bò ó, éèsì yín á máa bá ògiri jà títí di ọ̀gànjọ́. Àwọn tó kọ́ ilé alámọ̀ nínú Kánò àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ògiri wọn nípọn débi pé ilẹ̀ á ti ṣú kí ooru ọ̀sán tó là á já.

Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú. Páànù tí kò ní sílíìnì lábẹ́ ìyà ni, kò sí éèsì tó lè gbà yín. Bí sílíìnì bá wà, ẹ wò ó bóyá ihò wà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà láàárín òun àti páànù lè gbà jáde. Nínú àwọn ilé àtijọ́, pàápàá ní GRA, asbestos ni sílíìnì òmíràn. Tí kò bá tíì fọ́, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e tàbí lu ihò sí i láti gba páìpù éèsì kọjá, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ti fèrèsé, èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń ṣí ní ìdajì péré. Lúfà ń ṣí tán, àmọ́ ẹ ó jẹ eruku ọyẹ́ yó. Lójú tèmi, lúfà ṣì sàn fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró.

Éèsì tí ẹ bá nínú ilé

Ẹ mú ẹni tó ń ṣe éèsì dání, ẹni tí ẹ fúnra yín mọ̀, kì í ṣe ẹni tí ajẹ́ńtì mú wá. Kí wọ́n má ti tan éèsì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ojú yín ni kí wọ́n ti tàn án, kó sì ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Omi gbọ́dọ̀ máa kán níta, kì í ṣe lára ògiri inú yàrá. Bí yìnyín bá dì sára páìpù, nǹkan kan ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ilé fẹ́ràn: "Gáàsì lásán ló tán." Ẹ fura o. Gáàsì éèsì kì í tán bíi gáàsì ìdáná, inú páìpù ló ń yí po. Tó bá ti dín kù, ó ń jò níbì kan nìyẹn, èyí tí wọ́n bá sì rọ̀ sí i náà á tún jò dànù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tó wà níta. Bó bá jẹ́ R22, éèsì àtijọ́ ni, wọ́n sì ń lé irú gáàsì yẹn kúrò lágbàáyé. 2030 ni àdéhùn Montreal fi sí fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ẹ má ka irú éèsì bẹ́ẹ̀ mọ́ owó ilé. Àwọn tuntun ń lo R410A tàbí R32.

Ẹ ní kí ríwáyà ṣí bọ́ọ̀dù iná. Kálukú éèsì ló yẹ kó ní wáyà tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀ láti ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ ló ń jó ilé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, kó yẹ ibi tí wáyà ti so mọ́ra wò bóyá ó ti gbóná tàbí ó ti dúdú.

Fún àwa tí a wà ní Kánò, Sókótó àti Màídúgùrì, fáànù olómi wà tí kì í jẹ iná tó éèsì rárá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé díẹ̀ fún un. Bí òjò bá ti wọlé, agbára rẹ̀ á dín kù. Ní Port Harcourt, òógùn lásán ló máa fi kún òógùn.

Iná ńkọ́?

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu pé "Band A ni wá níbí." Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná tó ni àdúgbò náà, kẹ́ ẹ tún bi aládùúgbò méjì. Wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán, ni Band A. Mẹ́rin péré ni Band E. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún Band A ré kọjá 200 náírà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Éèsì 1.5 HP tí kì í ṣe ínfátà lè jẹ nǹkan bíi yúníìtì kan ní wákàtí kan. Tí ẹ bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóru, tí yúníìtì sì jẹ́ 210 náírà, 1,680 náírà nìyẹn lóòjọ́, 50,400 lóṣù. Yàrá kan péré o.

Bí wọ́n bá ní sólà wà pẹ̀lú ilé, ẹ lọ lálẹ́, ẹ pa iná ìjọba, kẹ́ ẹ fi bátìrì nìkan tan éèsì kan fún wákàtí méjì. Páálì orí òrùlé ń pẹ́, bátìrì ni kì í pẹ́.

Òtútù Jọ́ọ̀sì

Níbi, omi gbígbóná ló ń jẹ owó ju éèsì lọ. Ẹ tan hítà balùwẹ̀, kẹ́ ẹ dúró kí omi gbóná. Bí funfun kan bá ti dì sí ẹnu páìpù, omi bọ́họ̀ọ̀lù tó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú ti ń ba inú hítà náà jẹ́ nìyẹn. Ohun tó ju ìyẹn lọ ni pé kí ríwáyà yẹ earth ilé wò, torí hítà tí kò ní earth lè fi iná gbé èèyàn nínú omi.

Èédú ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nígbà ọyẹ́, wọ́n á ní kò ní èéfín. Ohun tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ rárá. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé ń tú nǹkan kan náà jáde. Torí náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n kọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ sí. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ pa dé dáadáa, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní àlàfo nísàlẹ̀, á jẹ́ kí búláńkẹ́ẹ̀tì tó yín láìsí èédú.

Kí lọ́yà tó kọ ìwé, ẹ ka gbogbo éèsì, fáànù, hítà, sitẹbuláísà, ínfátà àti bátìrì, kẹ́ ẹ kọ iye wọn àti yàrá tí wọ́n wà sínú àdéhùn. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, ihò lára ògiri lẹ lè bá lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọlé. Ẹ béèrè gbèsè orí mítà náà, torí mítà kò mọ̀ pé ilé ti yí ọwọ́ padà, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́.